Lẹ́tà Dókítà Ìkirè Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fèsì Sí

Àpò náílọ́ọ̀nù dúdú kan wà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àpòmù, kì í fi sílẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ sí ilé ìwòsàn. Inú rẹ̀ ni káàdì wọn wà, àti èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti páálí oògùn tí wọ́n ti lò tán. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìwé kan tún wà níbẹ̀: lẹ́tà tí dókítà wọn ní Ìkirè kọ, ojú ewé kan ààbọ̀, tí ó fi darí wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Èmi ni mo bá wọn gbé àpò náà.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí dókítà náà ti ń tọ́jú wọn. Ó mọ ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn bẹ̀rẹ̀. Ó mọ oògùn tí ó máa ń mú kí ẹsẹ̀ wọn wú, ó sì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọmọ wọn tí ó wà nítòsí, dòdò ni ó ń tà lẹ́bàá títì, owó oògùn oṣù kan ni agbára rẹ̀ ká. Nígbà tí ó rí i pé kíndìnrín wọn ti ń dẹnu iṣẹ́ kọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó jókòó, ó kọ gbogbo ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀, ó sì ní kí a tètè lọ rí dókítà tí ó mọ̀ nípa kíndìnrín.

Aago méje àárọ̀ ni a débẹ̀. Ó kọjá aago kan ọ̀sán kí ó tó kàn wá. Dókítà tí ó gba lẹ́tà náà wò ó fìrí, ó fi í sábẹ́ àwọn ìwé yòókù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìyá ẹni ọdún 68 ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀run dé ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ṣe ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, wọ́n ní kí a tún un ṣe. Mo tọ́ka sí lẹ́tà náà. Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé kí n fi ti dókítà ilé yẹn sílẹ̀ ná. Wọ́n dá ìyá dúró fún ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n máa fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n kọ oògùn oríṣi mẹ́rin fún wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Wọn kò fi ìwé kankan rán wa sí dókítà Ìkirè.

Ìyá délé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tuntun. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n dá ti àtijọ́ dúró, wọn kò sì dá a dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òòyì kọ́ wọn ní balùwẹ̀, wọ́n ṣubú, egungun ìbàdí wọn sì dá. Dókítà Ìkirè náà ni a kọ́kọ́ sáré gbé wọn lọ bá. Òun ni ó tú àpò dúdú náà sórí tábìlì, tí ó ń ka ara páálí oògùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oríṣi oògùn méjì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀kan náà ni ìyá ń lò pọ̀, ọ̀kan láti Ìkirè, ọ̀kan láti ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí ó wálẹ̀ ti wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Oògùn tí ó máa ń wú wọn lẹ́sẹ̀ náà tún ti padà dé. Títí di òní, Ìyá Àpòmù kò lè dìde láìsí ọ̀pá.

Ìlà méjì péré ni ìbá gbà wọ́n lọ́wọ́ ìṣubú yẹn: a ti fi oògùn yìí rọ́pò ìyẹn, ẹ dá ti àtijọ́ dúró. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, a máa ń ka àwọn ohun tí ń pa aláìsàn ní ilẹ̀ wa lẹ́sẹẹsẹ. A ó ní àìsówó ni, àìsíná ni, àìsí oògùn ni, ìyanṣẹ́lódì ni. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí a kì í dárúkọ, nítorí pé ẹni ọ̀wọ̀ ni àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Òun ni pé dókítà tí ó kọ́kọ́ rí wa àti dókítà àgbà tí a darí wa sí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Aláìsàn ni ó ń rìn láàárín àwọn méjèèjì bí ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí láìfi bọpo bọyọ̀: ìwà yìí kò dára, ó ń ṣe ènìyàn léṣe, ẹ̀bi tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà lọ́rùn àwọn tí wọ́n wà lókè.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹni tí mò ń sọ. Dókítà ìdílé ni ẹni tí à ń lọ bá bí ara bá kọ́kọ́ ṣe wá, tí ó ń tọ́jú bàbá, ìyá àti ọmọ, láìka irú àìsàn tí ó jẹ́ sí. Ní Ìkirè àti Àpòmù, ó lè jẹ́ ẹni tí ó ní ilé ìwòsàn aládàáni lójú títì, ó sì lè jẹ́ dókítà ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà àgbà ni ẹni tí ó mú ẹ̀yà ara kan tàbí irú àìsàn kan ní pàtó, bíi ọkàn, kíndìnrín, ojú, tàbí ọ̀rọ̀ aboyún, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá. Kọ̀ǹsọ́tántì ni àwọn ènìyàn ń pè é.

Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀, ẹ ó rí i pé ìlú wa kò jìnnà sí ìrànlọ́wọ́ rárá. Láti Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ kò ju nǹkan bíi 80 kìlómítà lọ, agbedeméjì ọ̀nà náà sì ni Ìkirè àti Àpòmù wà. Ní apá kan, UCH wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957. Ní apá kejì, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ifẹ̀. Bí a bá gba ọ̀nà Òṣogbo, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà níbẹ̀. Ìlú mélòó ní Nàìjíríà ni ó ní irú oríire bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà ọkọ̀ wà láàárín wa àti àwọn dókítà àgbà. Ọ̀nà ọ̀rọ̀ ni kò sí.

Kì í ṣe pé wọn kò fi ètò lélẹ̀. Ní ọdún 1988, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ Mínísítà Ìlera, orílẹ̀-èdè yìí gba ìlànà ìlera tí ó pín iṣẹ́ sí ìpele mẹ́ta: ìjọba ìbílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ láàárín, ìjọba àpapọ̀ lókè. Èrò rẹ̀ ni pé kí aláìsàn máa gòkè bí àìsàn rẹ̀ bá ṣe le tó, kí ó sì máa sọ̀ kalẹ̀ padà bí ara bá ti ń yá. A gba apá kan nínú ètò náà, a gbàgbé èkejì. Àkàbà tí a kọ́, gígòkè nìkan ni a ń gùn ún. Ẹni tí ó bá gòkè, bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, kò sí ẹni tí ó máa ń mọ̀.

Níbo ni ìwà yìí ti wá? Ní èrò tèmi, a bá a nínú ẹrù tí a bá ìwé ẹ̀rí gbé wálé ni. Ní ọdún 1958, ìgbìmọ̀ ìjọba kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wádìí owó oṣù àwọn dókítà. Lord Moran, tí ó jẹ́ dókítà Winston Churchill, tí ó sì ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbà ní London, wá jẹ́rìí níwájú wọn. Wọ́n bi í bóyá ẹgbẹ́ ni dókítà ìdílé àti dókítà àgbà. Ó ní rárá o, pé àkàbà ni iṣẹ́ náà, àwọn tí wọ́n já bọ́ láti orí rẹ̀ ni wọ́n di dókítà ìdílé. Inú bí àwọn dókítà ìdílé Gẹ̀ẹ́sì gidigidi. Ní àkókò kan náà, ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, wà lábẹ́ Yunifásítì London, ìwé ẹ̀rí London ni àwọn dókítà wa àkọ́kọ́ níbẹ̀ sì gbà. Ẹni tí ó bá gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ olúwarẹ̀, kò ní ṣàì gba díẹ̀ nínú ìgbéraga rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò níbi tí Moran bá wọn. Ní ilẹ̀ wọn lónìí, àdéhùn tí ìjọba bá ilé ìwòsàn ṣe sọ pé bí wọ́n bá fi aláìsàn sílẹ̀ láti orí ibùsùn, ìwé gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ìdílé rẹ̀ láàárín wákàtí 24. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó kàn wá rí dókítà àgbà ni, láàárín ọjọ́ méje. Wọn kì í pa á mọ́ tán, àwọn dókítà ìdílé wọn sì ń ráhùn, ṣùgbọ́n òfin náà wà, a sì lè fi mú ẹni tí ó bá rú u. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí: àwọn ọmọ wa ló kún àwọn ilé ìwòsàn wọ̀nyẹn. Dókítà tí kò fèsì lẹ́tà Ìkirè rí láyé rẹ̀, bí ó bá ti dé Manchester, yóò máa kọ ìwé sí dókítà ìdílé Òyìnbó láàárín ọjọ́ méje, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú ìdúpẹ́ pé ó darí aláìsàn náà wá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe fún ẹlòmíràn.

Ẹ tún jẹ́ kí a tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Dókítà ìdílé kì í ṣe ẹni tí ó já bọ́. Láti ọdún 1979 tí òfin ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àpapọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn dókítà àgbà ní Nàìjíríà, ìṣègùn ìdílé ti di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka tí a ń kọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á yóò kọ́kọ́ parí yunifásítì, yóò ṣe iṣẹ́ ìdánrawò, yóò sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, yóò sì tún fi ọdún púpọ̀ kọ́ṣẹ́, kí ó tó jókòó ṣe ìdánwò tí ó le koko. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni òun náà. Ènìyàn lódindi ni ó mú, níbi tí ẹlòmíràn ti mú ẹ̀yà ara kan. Síbẹ̀, mo ti fi etí ara mi gbọ́ tí dókítà kan pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní GP lásán lójú aláìsàn. Kí ni aláìsàn yẹn yóò rò nígbà tí ó bá padà délé, tí dókítà lásán náà bá ní kí ó dín iyọ̀ kù?

Mo ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn fún ọdún púpọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé níbí. Nínú iṣẹ́ náà, akọ̀ròyìn kan máa ń wà ní ìlú kéékèèké tí ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí olú ilé iṣẹ́. Olótùú tí ó gbọ́n mọ̀ pé ọkùnrin tí ó wà ní Ìkirè mọ ohun tí òun tí ó jókòó ní Èkó kò mọ̀. Bí ó bá gé ìròyìn náà kúrú, yóò sọ fún un. Bí kò bá sọ fún un, àṣìṣe kan náà ni yóò máa wá láti Ìkirè títí ayé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn dókítà rí. Èsì lẹ́tà kì í ṣe ọ̀wọ̀ lásán, ẹ̀kọ́ ni. Dókítà tí ó darí ogún aláìsàn tí kò gbọ́ nǹkankan padà kò lè mọ èyí tí ó tọ̀nà àti èyí tí ó ṣì mú. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará òkè yóò wá ní àwọn dókítà ìsàlẹ̀ kò mọ̀wé. Ta ni ó fi ìmọ̀ dù wọ́n?

Ṣùgbọ́n n kò ní gbè sí ẹ̀yìn ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn dókítà àgbà ní ẹjọ́ tiwọn, mo sì ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn onílé ìwòsàn aládàáni máa ń di aláìsàn mú títí owó ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tán, kí wọ́n tó wá jù ú sí àwọn lọ́wọ́ ní ọ̀gànjọ́ òru pẹ̀lú ìwé pélébé tí kò ní ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ. Òótọ́ ni. Mo mọ aboyún tí ó fi wákàtí mẹ́rìndínlógún rọbí níbi tí kò sí ẹni tí ó lè ṣiṣẹ́ abẹ. Ní ọdún 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine kọ̀wé nípa ìdádúró mẹ́ta tí ń pa aboyún: ìdádúró kí a tó pinnu láti wá ìtọ́jú, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró nígbà tí a bá ti dé ilé ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn méjì ni aboyún gbà kọjá, àárín wọn ni ìdádúró náà ti máa ń di ìlọ́po. Orílẹ̀-èdè tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ikú aboyún lágbàáyé ṣẹlẹ̀ sí ní ọdún 2023 kò ní àyè fún irú rẹ̀.

Owó ni ó wà nídìí èyí, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ. Bí aláìsàn bá ń fi owó ọwọ́ rẹ̀ sanwó, dókítà tí ó bá darí rẹ̀ lọ ti pàdánù owó nìyẹn, nítorí náà yóò dì í mú. Bí ó bá jẹ́ ti ètò ìlera adójútòfò ni, ó yí padà: iye kan náà ni wọ́n ń san fún ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ lórí ènìyàn kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, yálà ó ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn. Níbẹ̀, ẹni tí ó bá yára ti aláìsàn sókè ni ó jèrè. Ẹ wá rí i: owó ń sọ fún dókítà pé kí ó di olówó ọwọ́ mú, kí ó sì ti alábẹ́ ètò lọ. Kò sí ibi tí owó ti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó fèsì lẹ́tà. Ohun tí a kò bá sì sanwó fún, tí a kò bi ènìyàn léèrè rẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ni yóò pa á.

Àwa aláìsàn náà kò mọ́. Ẹni tí orí ń fọ́ yóò wọ ọkọ̀ ní Àpòmù, yóò fò kọjá ilé ìwòsàn mẹ́ta, ó di UCH. Yóò tò sórí ìlà pẹ̀lú ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá fínra. Ẹlòmíràn yóò gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà, yóò fi pamọ́ sábẹ́ ìbùsùn, yóò máa mu àgbo fún oṣù mẹ́ta, nígbà tí ó bá sì dé òkè yóò purọ́ pé àná ni ó bẹ̀rẹ̀. A kò lè máa retí pé kí wọ́n tọ́jú wa dáadáa bí a bá ń fi òtítọ́ pamọ́ fún àwọn méjèèjì.

Wọn yóò ní dókítà kò tó, pé ẹni tí ó ń rí ọgọ́rin aláìsàn lójúmọ́ kò ráyè kọ̀wé. Mo gbà pé wọn kò tó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Mínísítà Ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tí ó lé ní 16,000 ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Bí dókítà àgbà kò bá tó, ta ni ó yẹ kí ó máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ti dúró sójú kan? Ta ni ó yẹ kí ó máa tún ìwé oògùn kọ? Dókítà Ìkirè ni. Kò sì lè ṣe é bí a kò bá sọ ohun tí a ṣe fún un. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kọ ìlà méjì, ìyá tí ì bá máa gba ìtọ́jú nílé ń padà lọ tò sórí ìlà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́ ti di wákàtí púpọ̀.

Èyí tí ó yẹ kí ó tì wá lójú jù ni pé a ti ṣe é rí, níbí yìí gan-an. Láàárín ọdún 1956 sí 1961, David Morley, dókítà àgbà nípa àwọn ọmọdé, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Kò dúró de àwọn ọmọ kí wọ́n máa kú bọ̀ wá bá a. Ó lọ sí Imẹ̀sí-Ilé, ó dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn nọ́ọ̀sì ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Ó ṣe káàdì kan tí ń fi ìdàgbàsókè ọmọ hàn, ó sì ní kí ìyá ọmọ máa tọ́jú káàdì náà sílé. Ibikíbi tí ìyá bá gbé ọmọ lọ, ìtàn ọmọ náà ń bá a lọ. Láti Imẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé. Àpò dúdú Ìyá Àpòmù, káàdì náà ni ì bá jẹ́, bí ó bá ṣe pé àwọn méjèèjì jọ ń kọ̀wé sínú rẹ̀.

Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn àti ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera Ìbàràpá ní Igbó-Ọrà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ gbé láàárín ará ìlú kí wọ́n lè mọ̀ pé aláìsàn ní ilé, ní oko, ní ìṣòro. Ní Àrò, Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lambo ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé nípa fífi wọ́n wọ̀ sí abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Mo bi yín léèrè: bí Lambo, tí òkìkí rẹ̀ kan dé gbogbo ayé, bá lè jókòó ti oníṣègùn ìbílẹ̀ kí wọ́n jọ gbèrò, kí ni ó ń dí dókítà àgbà òní lọ́wọ́ láti fèsì lẹ́tà dókítà tí wọ́n jọ ka ìwé kan náà?

Nítorí náà, ohun tí mò ń bèèrè kò pọ̀, kò sì gba owó epo rọ̀bì.

Èkíní, kí olórí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan pàṣẹ pé aláìsàn kankan kò gbọdọ̀ kúrò lórí ibùsùn láìsí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ fún dókítà tí ó darí rẹ̀ wá: ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọ́n ṣe, oògùn tí wọ́n fi kún un, oògùn tí wọ́n yọ kúrò, àti ìgbà tí yóò padà wá. Kí wọ́n fi lé aláìsàn fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé ni, kò nílò kọ̀ǹpútà.

Èkejì, kí nọ́ńbà fóònù kan wà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí dókítà Ìkirè lè pè kí ó tó gbé aláìsàn sínú ọkọ̀, kí ẹni tí yóò gbé e sì wà nídìí rẹ̀. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó mọ̀ pé kò sí ibùsùn.

Ẹ̀kẹta, kí ètò adójútòfò ìlera, ti àpapọ̀ àti ti Ọ̀ṣun, so owó mọ́ èsì. Ilé ìwòsàn ńlá tí kò bá fi ẹ̀dà èsì lẹ́tà hàn, kí owó rẹ̀ dúró ná. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí owó onílé ìwòsàn tí ó ń kọ lẹ́tà ọ̀rọ̀ márùn-ún dúró. Òfin Ìlera Àpapọ̀ ti ọdún 2014 ti ya owó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Kí apá kan nínú rẹ̀ ra ìbáraẹnisọ̀rọ̀ fún wa.

Ẹ̀kẹrin, kí dókítà àgbà kan máa wá sí Ìkirè lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí òun àti àwọn dókítà ìdílé jọ rí àwọn aláìsàn tí ọ̀rọ̀ wọn díjú. Ìrìn wákàtí kan ni. Kí àwọn dókítà ìdílé pẹ̀lú máa lọ síbi ìpàdé ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀, kí wọ́n sì fún wọn ní àga jókòó, kì í ṣe ẹ̀yìn yàrá.

Ẹ̀karùn-ún, kí àwa aláìsàn ní ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo dókítà yóò máa kọ̀wé sí, kí a má ṣe fi ilé ìwòsàn kan pamọ́ fún èkejì. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ́ sílẹ̀ láìsí lẹ́tà, jókòó, kí o ní o kò tíì lọ. Ẹ̀tọ́ rẹ ni.

Ní ayé àwọn baba wa, àrokò kì í dé ọwọ́ ọba kí ó máà ní èsì, ì báà ṣe láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀ abúlé tí ó kéré jù. Ẹni tí kò bá dá àrokò lóhùn, ogun ni ó ń wá. Àwọn ará Àpòmù sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré tí a kò bójú tó lè dà. Samuel Johnson kọ ọ́ nínú ìtàn rẹ̀ pé ẹjọ́ ataare ní ọjà Àpòmù wà lára ohun tí ó gbiná di ogun tí ó pa ìlú Òwu run. Ìlà méjì tí a kò kọ sórí ìwé kéré ju ataare lọ. Egungun ìbàdí ìyá mi ni ó fi san án.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Dókítà Ìkirè kò lè fọ kíndìnrín, kò sì sọ pé òun lè fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kèrègbè náà ni ilé Ìyá Àpòmù, ọwọ́ dókítà àgbà kò sì lè wọ ibẹ̀ láéláé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wọ ibẹ̀ ti kọ lẹ́tà. Ẹ̀yin dókítà àgbà, ó ti pẹ́ tí ó ti ń retí yín. Ẹ fún un lésì.